Àpótí Ojú Fèrèsé Swaantje

Wiebke Harms ò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ Hayensiel á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí ní ìlú wa, ajá gan-an tó bá pàdé èèyàn lọ́nà, wọn á kí i pé "Moin", wọn á sì dúró díẹ̀ bóyá á dáhùn. Wiebke gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé oníbúrẹ́dì, ó kọjá lára àlùfáà, ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀dà, kò bojú wo ẹnì kan. Inú ń bí i. Inú ń bí i débi pé aṣọ ìdáná tó so mọ́dìí ṣì wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

N ò ní parọ́ fún yín pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Oníjà ni, àmọ́ kì í jà láìnídìí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga gbọ̀ngbọ̀nràn, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé inú ilé kó tó kanlẹ̀kùn. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ wa. Òkun ga ju oko wa lọ. Tí ẹ̀rọ yẹn bá sùn, inú bàtà la ó ti rí omi tí ilẹ̀ bá mọ́. Iṣẹ́ Wiebke ni kó máa wo àwọn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà, kó mọ èyí tí ara rẹ̀ ń gbóná, èyí tí inú rẹ̀ ti kún, èyí tó ti kú sílẹ̀ tí kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe. Ó gbin ewébẹ̀, ìgbín jẹ ẹ́. Ó wọ ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ní kó rọra máa kọ ọ́.

Ibi tó wá rí ara rẹ̀ sí ni ẹgbẹ́ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àpótí pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n máa ń gbé sójú fèrèsé, sórí òrùlé, sórí ilé agogo ìjọ. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó ní fóònù lọ́wọ́ á lò ó, kò ní sanwó, kò sì sẹ́ni tó máa bi í lórúkọ. Ó dára, àbí? Ìṣòro wọn nígbà yẹn ni pé àwọn àpótí náà ò lágbára, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí. Lágbájá á bi àpótí orí ilé agogo pé ṣé ó wà láàyè, tàmẹ̀dù á tún bi í, ẹlòmíì á tún bi í, títí ìbéèrè fi máa dá àpótí dùbúlẹ̀. Wiebke ló jókòó, ló kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nínú yàrá tó ti ń fọṣọ. Alárinà ló ń pè é. Alárinà á lọ bá àpótí kọ̀ọ̀kan, á bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí lorúkọ rẹ, láti ìgbà wo lo ti jí, ṣé ara rẹ ń gbóná, inú rẹ kún dé ibo, àlejò mélòó ló wà lórí rẹ báyìí? Á wá gbé ìdáhùn náà kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀. Tí àpótí kan bá kú, alárinà á di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ mú, kí wọ́n lè mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó kú.

Ètò náà fúyẹ́, kò jẹ nǹkan kan lára kọ̀ǹpútà. Lórí máàpù ẹgbẹ́, àpótí kọ̀ọ̀kan wá di àmì róbótó, aláwọ̀ ewé tó bá wà láàyè, aláwọ̀ eérú tó bá ti kú. Tí o bá tẹ àmì náà, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yọ síta. Inú Wiebke dùn sí alárinà yìí ju bí inú rẹ̀ ṣe dùn sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú ìyàwó náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni Swaantje Bruns wọlé tọ̀ ọ́ wá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn ìlú. Yàrá òkè ilé Folkert Ahlers ló ń gbé, lókè bọ́sítọ́ọ̀bù ẹ̀bá èbúté, òun àti Eske ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wiebke ló lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó kọjá pé kó jẹ́ kí òun gbé àpótí kan sójú fèrèsé rẹ̀, kí àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Swaantje ti bi í nígbà yẹn pé ṣé kò ní kó bá òun. Wiebke rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò lẹ́nu, kò lójú. Iná díẹ̀ ló ń jẹ." Swaantje gbà, ó tiẹ̀ gbé ìkòkò òdòdó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má dá nìkan wà.

Wiebke ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ó ní kí Swaantje jókòó, Swaantje ò jókòó.

"Àǹtí Wiebke, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tí ẹ gbé sójú fèrèsé mi yẹn, kí ló máa ń sọ nípa mi?"

"Nípa rẹ kẹ̀? Kò mọ̀ ọ́ rí."

"Lánlọ́ọ̀dù mi ní ó mọ̀ mí dáadáa." Ohùn Swaantje ń gbọ̀n, kì í ṣe ti ẹkún. "Ó ní kí n kó jáde kí òtútù tó dé. Ó ní mò ń gba àwọn tó wá sinmi sínú yàrá òun, mò ń gbowó lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn òun. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àpótí ni. Ó ní èèyàn mẹ́fà lálẹ́ Mọ́ńdè, mẹ́sàn-án lálẹ́ Fúráìdè. Ó ní ẹ̀rọ Wiebke kì í parọ́."

"Folkert ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Yàrá méjì péré ló wà níbẹ̀, Àǹtí. Èèyàn mẹ́sàn-án! Ibo ni mo fẹ́ kó wọn sí, inú ààrò? Mo ti yọ fóònù mi kúrò lórí nǹkan yín láti àná. N ò lò ó mọ́ láé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kíkó jáde túmọ̀ sí létíkun wa. Ilé ò sí mọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Yàrá tó bá ṣófo, àwọn tó ń wá sinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀ fún, owó tí wọ́n sì ń san lọ́sẹ̀ kan, olùtọ́jú arúgbó ò lè san án lóṣù kan. Folkert fúnra rẹ̀ ní ilé mẹ́rin bẹ́ẹ̀, àwòrán ẹyẹ òkun sì wà lára ògiri ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí Swaantje bá jáde níbẹ̀, kò sí Hayensiel mọ́ fún un. Á kúrò nídìí iṣẹ́, Eske á kúrò ní ilé ìwé, wọ́n á lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Oldenburg, ìlú ńlá tó jìnnà sí wa, wọ́n á máa sùn nílẹ̀ yàrá àlejò. Torí kí ni? Torí àpótí tí Wiebke bẹ̀ ẹ́ kó gbà.

Folkert yìí kan náà, ẹ jọ̀ọ́, òun ni alága ẹgbẹ́. Òun ló máa ń dìde nípàdé, á fọwọ́ ra irùngbọ̀n, á máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bí alárinà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ohun tó bí Wiebke nínú gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ aláìmọ̀kan ló ṣe é, á bá a wí, á ṣàlàyé fún un, á tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mọ̀ pé àlejò tí àpótí ń kà, fóònù ni, kì í ṣe orí èèyàn, kì í sì í ṣe ti inú ilé nìkan. Ó mọ̀, àbí kò fẹ́ mọ̀. Wiebke ò tíì mọ èwo nínú méjèèjì. Ìdí tó fi gun kẹ̀kẹ́ láìkí ẹnikẹ́ni nìyẹn. Kì í ṣe ilé Folkert ló ń lọ. Bọ́sítọ́ọ̀bù ló ń lọ.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn gíláàsì, ó ṣí máàpù sórí fóònù rẹ̀. Ó ti yọ wáìfáì kúrò lórí fóònù náà kí ó má baà ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ó tẹ àmì fèrèsé Swaantje. Àlejò: òfo. Swaantje ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Eske wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí tọkọtaya kan fi gun kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n yọ fóònù láti wo ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa dé. Àlejò: méjì. Àwọn ọmọ ilé ìwé dé, wọ́n ń ti ara wọn. Àlejò: mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì kó gbogbo wọn lọ. Àlejò: òfo.

"Èèyàn mẹ́sàn-án," Wiebke sọ fún ara rẹ̀. "Nínú ààrò."

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì, á dìde lọ níbẹ̀. Wiebke ò dìde. Swaantje ti sọ fún un kó tó lọ pé Folkert ní ẹ̀rí kan tó ju gbogbo ìyókù lọ: pé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn bá ti lọ, tí Swaantje bá wà níbi iṣẹ́, tí ilé bá tì pa, àlejò kan ṣoṣo ṣì máa ń wà lórí àpótí náà. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà o, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Ta ni? Folkert ní ẹni yẹn ló ń sun orí bẹ́ẹ̀dì òun lọ́fẹ̀ẹ́. Wiebke fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹni náà. Nítorí náà ó jókòó. Ó ra búrẹ́dì oní-ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá èbúté, ó jẹ ẹ́, ebi ò kúrò, inú sì ń bí i lọ.

Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn lọ. Oòrùn ṣì wà lókè dáadáa, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ilẹ̀ wa kì í fẹ́ relé. Èbúté dákẹ́. Àlejò: òfo. Ìgbà yẹn ni Folkert Ahlers yọ láti kọ̀rọ̀, ó fa ajá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò rí Wiebke lẹ́yìn gíláàsì. Ó rìn lọ sábẹ́ igi tó kọjú sí fèrèsé Swaantje, ó dúró, ó gbójú sókè. Ajá náà jókòó láìjẹ́ pé ó sọ fún un, bíi pé ó mọ̀ pé ibi tí àwọn máa ń dúró sí nìyẹn. Folkert yọ fóònù jáde.

Wiebke wo fóònù tirẹ̀. Àlejò: ọ̀kan.

Ó wo Folkert, ó tún wo fóònù. Ọkùnrin náà ń mirí, ó ń mú ẹnu ṣùù bí adájọ́. Ó tún wo fèrèsé, ó fa ajá, ó lọ. Kò pẹ́, àlejò di òfo. Ara Wiebke gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀ kó le ṣubú sínú omi, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tíì ọ̀sán, ó kanlẹ̀kùn Folkert. Gesine ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí tíì rẹ̀ sì dára jù lọ létí omi wa. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ síwájú Wiebke. Gesine fi ṣúgà olókúta sí i, ó da tíì lé e, ṣúgà náà sì ń dún tàtàtà nísàlẹ̀. Ó fi ọ̀rá wàrà sí etí kọ́ọ̀pù, ó ń rọra rì. A kì í ro tíì níbí. Ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù ò níṣẹ́ méjì: tí o bá fi í sínú kọ́ọ̀pù, o ti ní ó tó nìyẹn. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta sì ni ẹ̀tọ́ àlejò. Mo ti rí àwọn tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀, tí wọ́n jókòó mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, kí wọ́n tó padà sórí ẹjọ́ wọn.

Folkert ní, "Wiebke, ṣé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lo bá wá? Mo ti ní in lọ́kàn pé ká gbé àpótí méjì sí i sí èbúté."

"Ọ̀rọ̀ Swaantje ni mo bá wá."

"Háà, ìyẹn." Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ó dùn mí o. Ọmọ rere ni mo pè é. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè máa fi ilé onílé ṣe òtẹ́ẹ̀lì."

"O mọ̀ pé fóònù àwọn ará bọ́ọ̀sì ni."

"Mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú wọn ni," Folkert ní. "Èmi kọ́ lo máa kọ́ bí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo yọ ti bọ́ọ̀sì kúrò. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ ńkọ́? Kò sí èèyàn kankan nílẹ̀. Òun alára wà níbi iṣẹ́. Mo tẹ agogo, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnì kan ṣì wà lórí àpótí. Ta ni, Wiebke? Ṣé iwin ni?"

"Nígbà tí o rí ẹni yẹn lórí máàpù, ibo lo wà?"

"Lábẹ́ igi. Mo ń rin ajá."

"Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Kí ni mo fẹ́ fi wo máàpù, ọwọ́ lásán?"

"Fóònù ẹ mọ íńtánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́?"

"Wiebke, alága ni mí. Ibi tí mo bá dé ní ìlú yìí, ó máa ń wọlé fúnra..." Ó dúró.

Ṣúgà tún dún lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù Wiebke. Gesine, tó ti gbé ìkòkò tíì láti bu ìkejì, gbé e kalẹ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Folkert," ó ní, "ìwọ ni àlejò."

Ojú Folkert pọ́n, ọrùn rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n dé orí tí irun ti tán. Gesine ò tíì parí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "O sọ fún mi pé ajá ló ń fẹ́ rìn jìnnà. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Abẹ́ fèrèsé ọmọ yẹn lo ń lọ dúró sí."

"Gesine, nítorí ilé wa ni mo ṣe..."

"O dúró sábẹ́ fèrèsé obìnrin tí kò lọ́kọ, o ń wòkè, o sì ń ka ara ẹ."

Wiebke ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ló tò láti ilé. Gesine ti sọ èyí tó dára jù lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò rọ̀, ó tún le sí i ni, nítorí Folkert ti ń wá ọ̀nà àbáyọ, ojú rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ bíi ti ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Bó ti wù kó rí," Folkert ní, "ilé mi ni. Mo lè ní kó jáde nítorí nǹkan míì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá yàrá. Kò sí ẹni tó lè..."

"Sọ ọ́ tán," Wiebke ní. "Sọ ọ́ kí ìyàwó ẹ gbọ́. Sọ pé owó àwọn tó ń wá sinmi lo ń wá láti ọjọ́ yìí, o kàn ń wá ohun tí o máa fi lé ọmọlọ́mọ lọ. O wá mú iṣẹ́ ọwọ́ mi, o fi ṣe ẹlẹ́rìí èké. Ojú ò tì ọ́, Folkert. Mo kọ nǹkan yẹn kí a lè mọ àpótí tó ń ṣàìsàn, o fi ń ṣọ́ èèyàn."

Ó mu ìyókù tíì rẹ̀. Ọwọ́ Gesine tún ti dé ìdí ìkòkò. Wiebke mú ṣíbí, ó fi í sínú kọ́ọ̀pù, ó sì dún gbọnrangandan.

Folkert wo ṣíbí náà. Ọkùnrin tí wọ́n pè ní eléké lójú ara rẹ̀ tí kò mira, ṣíbí ló mú un dìde. "Kọ́ọ̀pù kan, Wiebke? Nínú ilé mi?"

"Ó tó mi," Wiebke ní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Gesine, ó sì jáde.

Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, Gesine fúnra rẹ̀ ló wá sẹ́nu ọ̀nà Wiebke. Ó ní Folkert ti yí ọ̀rọ̀ padà. Kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń wá yàrá mọ́. Swaantje lè máa gbé níbẹ̀ títí tó bá wù ú, owó ilé ò sì ní lọ sókè. Kò sọ ohun tó ṣe fún ọkọ rẹ̀ kó tó gbà, Wiebke ò sì bi í, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, Gesine ló ń rin ajá.

Wiebke gun kẹ̀kẹ́ lọ sí èbúté, ó sì kí gbogbo ẹni tó pàdé. Ó kí àlùfáà, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kí ajá kan tí kò mọ̀ rí. Ó gun àtẹ̀gùn Swaantje bí ọmọdé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn àpótí páálí ló kọ́kọ́ rí. Àwo ti wà nínú ọ̀kan, aṣọ òtútù Eske wà nínú òmíì.

"Tú u, tú u," Wiebke ní. "O ò lọ síbì kankan. A ti ṣẹ́gun rẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Màdáàmù Gesine ti wá síbí."

"Kí lo wá ń dì?"

Swaantje ń fi ìwé ìròyìn wé kọ́ọ̀pù kan. Kò dúró. "Àǹtí Wiebke, ọkùnrin yẹn dúró sábẹ́ ibi tí mo ti ń bọ́ṣọ, ó ń ka iye tí a jẹ́. N kò lè máa sùn níbẹ̀ mọ́. Eske ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìsàlẹ̀ kó tó pa iná. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ là ń lọ sí Oldenburg. Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ níbẹ̀."

"Oldenburg! Kí lo fẹ́ máa ṣe ní Oldenburg? Ibí ni wọ́n bí ọ sí." Inú ti ń bí Wiebke padà, ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ kí n padà lọ bá a. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀ níjọ́sí, jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ tán. Máa wò ó."

"Ẹ jókòó, Àǹtí."

"Mi ò lè jókòó. Ọkùnrin burúkú ni."

"Ọkùnrin burúkú ni," Swaantje ní. "Ojú rẹ̀ ti wà lórí yàrá yìí láti ìgbà tí mo ti wọlé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní nǹkan tó lè fi wo inú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wá gbé e síbí fún un." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bó bá pariwo mọ́ Wiebke, ì bá sàn. "Mo bi yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kò lẹ́nu, ẹ ní kò lójú."

Wiebke ti bá alága jà, ó ti bá ìgbìmọ̀ ìlú jà rí, ó bá ọ̀gá rẹ̀ jà ní ilé ẹ̀rọ títí ọ̀gá fi wáṣẹ́ lọ síbòmíì. Ọmọ yìí kì í ṣe ẹni tó lè bá jà. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló bi í ní ohun tó ní lọ́kàn?

Swaantje lọ sójú fèrèsé. Ó sún ìkòkò òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ àpótí náà lára iná, ó fi okùn rẹ̀ wé e lára dáadáa bó ṣe máa ń wé báńdéèjì fún àwọn arúgbó, ó sì gbé e lé Wiebke lọ́wọ́. Àpótí náà ṣì gbóná díẹ̀.

Nínú yàrá ìfọṣọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Wiebke ṣí ètò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó wá ibi tí alárinà ti ń béèrè àlejò mélòó, ó sì pa á rẹ́ pátápátá. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́, kí wọ́n pè é; ó tiẹ̀ ń wù ú kí wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà ó ṣí máàpù láti wò ó bóyá ó ti ṣiṣẹ́. Lára gbogbo àmì aláwọ̀ ewé, iye àlejò ti lọ. Àmì fèrèsé Swaantje nìkan ló kù, tó ti di aláwọ̀ eérú. Ó ti gbàgbé pé òun ló kọ́ alárinà láti di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn òkú mú. Ó tẹ àmì náà.

Àlejò: ọ̀kan.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Ó fẹ́ sọ pé Folkert tún ti lọ dúró sábẹ́ igi. Ó wá rántí pé ọ̀sán gangan ni Swaantje yọ àpótí náà lára iná, pé kò sẹ́ni kankan nísàlẹ̀, pé Swaantje ti yọ fóònù tirẹ̀ kúrò tipẹ́, Eske ò sì ní fóònù. Ó fi ọwọ́ kan àpò aṣọ rẹ̀. Wáìfáì tó pa lọ́jọ́ tó jókòó sí bọ́sítọ́ọ̀bù, ó ti tàn án padà láti ìgbà yẹn, kò sì rántí mọ́ nígbà tó ń sáré gun àtẹ̀gùn. Fóònù rẹ̀ ti wọlé fúnra rẹ̀, bíi ti ẹni tó nílé.

Kò pa ọ̀kan yẹn rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó síwájú rẹ̀, àpótí Swaantje wà lórí itan rẹ̀, ó ti tutù.